Ẹni Tí Kò Dé Ìtòkú Rí

Nígbà tí àwọn tó gbé iṣẹ́ yìí fún mi sọ pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí oníṣòwò kékeré ṣe lè fi ìkànnì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní wẹ́bùsáìtì, polówó ọjà rẹ̀, mo bi wọ́n pé àwọn wo ni yóò wá gbọ́ mi. Wọ́n ní àwọn aláàdìrẹ ọjà Ìtòkú àti ti Aṣerò, ní Abẹ́òkúta níbí, ni yóò pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ mi fi jẹ mọ́ aṣọ. Ẹni tó bá ń ta ìrẹsì ọ̀fàdà tàbí láfún, tó ní ilé ìtura ní Òkè-Ìlẹ̀wò tàbí ilé ìwé ní Ìbarà, kó máa fi ọjà tirẹ̀ rọ́pò aṣọ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ kan òun náà.

Ẹ̀bi tèmi ni n ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ṣe ìkànnì àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe. Ìyá mi kékeré, tó ń rẹ aṣọ láró tó sì ń tà á, ni mo ṣe é fún. Ẹ gbọ́ ohun tí mo kó síbẹ̀: òdòdó tó ń yí bírí, orin tó ń dún fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá ti ń ṣí i, àkọlé gàdàgbà tó ń kí àlejò káàbọ̀, àwòrán ìyá mi kékeré nínú gèlè níbi ìgbéyàwó, àti àròkọ gígùn kan lédè òyìnbó nípa ohun tí a gbà gbọ́ àti ibi tí à ń lọ. Inú ìyá mi kékeré dùn. Inú tèmi dùn jù. Ọdún kan àbọ̀ kọjá, kò sẹ́ni tó torí ìkànnì yẹn ra ìró kan. Àwọn tó pè wá ń wá iṣẹ́ ni, ẹnì kan sì fẹ́ ta jẹnẹrétọ̀ fún wa.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan pè láti London. Ọmọ Yorùbá ni, wọ́n bí i síbẹ̀, àkànpọ̀ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń sọ̀rọ̀. Nǹkan mẹ́ta ló béèrè. Ṣé aró aṣọ yìí kì í ṣí? Báwo ni aṣọ náà ṣe fẹ̀ tó? Ṣé ọwọ́ lẹ fi ṣe é àbí ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́? Ìyá mi kékeré kò lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ tó fi dá a lóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi tí mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí ìkànnì tí mo fi ń yangàn, mo wá ìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí níbẹ̀ títí, n kò rí ẹyọ kan. Àṣé ẹni tó ti mọ ìyá mi kékeré, tó mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó sì ti ń ró àdìrẹ láti kékeré ni mo kọ gbogbo rẹ̀ fún. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò gba ọ̀nà Ìtòkú wá, kí ló fẹ́ fi ìkànnì ṣe? Ẹni tí kò dé Ìtòkú rí ni kí á kọ ọ́ fún. Ohun tí mo ní láti sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ. Àlàyé rẹ̀ ló gùn.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò dé Ìtòkú rí ti pẹ́ ní ilẹ̀ yìí. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àdìrẹ Abẹ́òkúta ti ń rìn dé ibi tí ẹsẹ̀ àwọn tó ń ṣe é kò dé. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá láti 1901. Aṣọ funfun ń ti Manchester wá, àwọn ìyá wa ń rà á, wọ́n ń fi ìko dì í, wọ́n ń kùn ún ní ẹ̀kọ láfún, wọ́n ń rì í sínú ìkòkò aró. Àwọn alárobọ̀ láti Gold Coast, tí a wá ń pè ní Gánà, àti láti Sẹ̀nẹ̀gà ń wá kó o lọ. Àwọn wọ̀nyẹn fojú ara wọn rí i. Wọ́n fi ọwọ́ ra aṣọ, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ná an. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n lọ tà á fún ní etí òkun ọ̀hún kò mọ ju ohun tí alárobọ̀ bá sọ lọ.

Lẹ́yìn náà ni kọ́sítíìkì sódà dé, tòun ti aró tí wọ́n ti pò ní ilẹ̀ òyìnbó. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ aró mọ ohun tí mo ń wí: ẹni tó ń lo ewé ẹlú yóò gún un, yóò sá a, yóò sun eérú, yóò sẹ́ omi rẹ̀, yóò sì dúró dìgbà tí ìkòkò bá tó mú. Kọ́sítíìkì gé gbogbo ìdúró yẹn kúrú. Bí ọwọ́ ẹni tó ń lò ó bá sì wúwo, aṣọ á jó, á máa ya bí ìwé. Àwọn oníbàárà òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, ọjà sì ń lọ sílẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1930, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá dá sí i, wọ́n ní kí àwọn aláró má lo àwọn nǹkan wọ̀nyí mọ́. Wọn ò gbà. Ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀sùn àti ìwádìí.

Èmi ní tèmi kò dá àwọn aláró lẹ́bi. Kọ́sítíìkì tí a fi òye lò kì í ba aṣọ jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń lò ó títí dòní, aṣọ yín sì le. Ohun tó ba ọjà jẹ́ nígbà náà ni pé ẹni tó wà lókèèrè kò ní ọ̀nà kankan láti fi ya aṣọ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí kò rí ọ̀nà, ó yáa pa gbogbo rẹ̀ tì.

Ẹ wá wo ohun tó wà níwájú wa báyìí. Aṣọ tí ẹ̀rọ fi bátànì àdìrẹ tẹ̀ ní Ṣáínà wà lórí àtẹ kan náà pẹ̀lú èyí tí ọmọ àdúgbò Kémta fi ọ̀sán àti òru dì. Owó ti Ṣáínà yẹn kéré púpọ̀. Aláké wa ti sọ̀rọ̀ sí i, ìjọba ti sọ̀rọ̀ sí i, ẹ̀yin náà ti sọ ọ́ títí. Ẹni tó wá sí Ìtòkú lè fọwọ́ kàn án kó mọ̀. Ẹni tó ń wò ó lójú fóònù ní Peckham, ní London, ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá ìyá wọn ya fọ́tò aṣọ pé ọ̀rẹ́ ẹ̀rọ ni fọ́tò. Nínú fọ́tò tí a tẹ́ aṣọ sí gbalaja, èyí tí ẹ̀rọ ṣe a tilẹ̀ máa dára ju tiwa lọ, nítorí pé ìlà rẹ̀ gún régé, àwọ̀ rẹ̀ kò sì yàtọ̀ láti etí dé etí.

Nítorí náà, bí ìkànnì yín bá jẹ́ fọ́tò aṣọ títẹ́ àti nọ́ńbà fóònù nìkan, ẹ ti bá ẹni tó ń kó ayédèrú wọlé polówó ọjà.

Ohun tí ẹ̀rọ kò lè gbé sójú ìkànnì ni kí ẹ gbé síbẹ̀. Ẹ̀yìn aṣọ ni àkọ́kọ́. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ a máa ṣá bí ẹni pé àwọ̀ kò dé ibẹ̀. Àdìrẹ oníko, ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀, nítorí aró ló wọ̀ ọ́ já. Ẹlẹ́kọ tún ní tirẹ̀: apá kan ṣoṣo ni wọ́n kun ẹ̀kọ sí, torí náà aró yóò rin ẹ̀yìn rẹ̀ gbingbin, bátànì yóò sì máa hàn fírífírí. Fọ́tò kan fún ojú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, àti ọ̀rọ̀ ṣókí lábẹ́ wọn tó sọ ohun tí oníbàárà ń wò: mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹyọ nǹkan yìí yóò ṣe ju òdòdó tó ń yí lọ. Ẹ fi ìṣẹ́po hàn níbi tí ìko ti mú aṣọ. Ẹ fi fídíò kúkurú hàn, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ, kí wọ́n rí ọwọ́ tó ń tú ìko, kí wọ́n rí i bí aṣọ ṣe ń jáde nínú ìkòkò pẹ̀lú àwọ̀ ewé kí afẹ́fẹ́ tó sọ ọ́ di dúdú. Ẹni tí kò rí ìyẹn rí, ẹnu rẹ̀ yóò là. Àwa tí a ń rí i lójoojúmọ́ ni kò jọ lójú.

Kí bátànì kọ̀ọ̀kan jẹ́ orúkọ rẹ̀. Mo ti rí ìkànnì tí wọ́n ti kọ “Design 1”, “Design 2” sábẹ́ aṣọ tí àwọn ìyá tó bí wa lọ́mọ ti sọ lórúkọ kí a tó bí wa. Bí ó bá jẹ́ páànù tí wọ́n gé ní bátànì ni wọ́n fi tẹ ẹ̀kọ sí i, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi kùn ún, ẹ sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ kàm̀pálà tí wọ́n fi àbẹ́là tẹ̀, ẹ má pè é ní ẹlẹ́kọ. Kàm̀pálà ní ẹwà tirẹ̀, ó sì ní àwọn tó ń wá a. Ẹni tí ẹ bá purọ́ fún lókèèrè kò ní padà wá bá yín jà. Kò kàn ní rà á mọ́ ni, yóò sì sọ fún ẹlòmíì.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò: ṣebí Facebook wà, Instagram wà, a sì ń gbé aṣọ sórí WhatsApp lójoojúmọ́? Ó wà, ẹ má sì fi í sílẹ̀. Àmọ́ ohun tí ẹ gbé sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp láàárọ̀ òní, bí ó bá fi di àárọ̀ ọ̀la, ó ti pa rẹ́. Èyí tí ẹ gbé sórí Instagram, tọ̀la ti bò ó mọ́lẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ń kiri ọjà: àfi kó máa rìn, kó máa pariwo, ọjọ́ tí ó bá sì ṣàìsàn, ọjà dákẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ilé onílé ni. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp kú pa pọ̀ káàkiri ayé fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà. Ní ọdún yẹn kan náà, láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà, kò sì ṣí padà títí di ọjọ́ 13 oṣù Kínní 2022. Ẹni tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni oníbàárà rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, oṣù méje ó lé ni ọjà rẹ̀ fi wà ní títì.

Kí ẹ máa kiri, kí ẹ sì ní ilé. Ní gbogbo ibi tí ẹ bá ti ń kiri, kí ọ̀nà ilé wà níbẹ̀.

Orúkọ ilé náà ńkọ́? Ìyẹn ni ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní domain. Ẹ lè mú èyí tó parí sí .com, ẹ sì lè mú .ng tàbí .com.ng, tí ẹgbẹ́ NiRA ń bójú tó fún orílẹ̀-èdè wa. Èmi fẹ́ràn .ng fún aláàdìrẹ, torí ó ti sọ ibi tí aṣọ ti wá kí oníbàárà tó kàwé kankan. Ẹ kíyè sí àmì ohùn, o. Àwọn èèyàn kì í tẹ àmì bí wọ́n bá ń wá ìkànnì, wọn kì í sì í tẹ àmì abẹ́ ọ. Obìnrin kan fẹ́ sọ ìkànnì rẹ̀ ní “aró” pọ̀ mọ́ orúkọ bàbá rẹ̀. A kọ ọ́ sórí ìwé láìsí àmì. Ọmọ rẹ̀ kà á, ó kà á bí arọ. A rẹ́rìn-ín títí, a wá orúkọ mìíràn. Kí ẹ tó san owó, ẹ kọ orúkọ náà láìlámì, kí ẹ fún ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ kà.

Ẹ jọ̀ọ́, kí orúkọ náà wà ní orúkọ yín. Èyí dun mí torí mo ti rí i lójú ara mi. Oníbàárà mi kan ti ní ìkànnì kí n tó mọ̀ ọ́n; ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá a ṣe é fi orúkọ ara rẹ̀ àti ímeèlì ara rẹ̀ gba orúkọ ìkànnì náà, ó sì rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun. Ọdún yípo, owó ọdún tó yẹ kí wọ́n san kọjá, kò sẹ́ni tó rántí, ìkànnì pa. Ìgbà tí wọ́n fi wá a rí, ẹlòmíì ti gba orúkọ náà, ó ń fi ta tẹ́tẹ́. Gbogbo káàdì tí ìyá yẹn ti tẹ̀, gbogbo báàgì tó kọ orúkọ náà sí lára, ilé tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń júwe. Ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá ń bá yín ṣe é gbọ́dọ̀ kó lé yín lọ́wọ́ kí ẹ tó san ìdajì owó tó kù ni ọ̀rọ̀ ìwọlé, ímeèlì tí wọ́n fi gba orúkọ, àti ọjọ́ tí owó ọdún máa ń tó san. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé tí ẹ ń kọ gbèsè sí. Ẹ kì í sọ ìwé yẹn nù.

Lórí iye owó, èmi àti ẹ̀yin yóò jà díẹ̀. Mo mọ̀ pé ọjà wa, ọjà nínà ni. Ẹni tó bá sọ iye kan tí wọn kò ná, ara kì í tù ú. Ẹni tó rà á láìná, ó ń rò pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Láti oṣù Kẹfà 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ ti tú náírà sílẹ̀, owó aṣọ funfun àti ti kẹ́míkà aró kò dúró sójú kan, ta ló wá fẹ́ kọ iye sójú ìkànnì? Mo gbọ́. Síbẹ̀, ẹni tí kò dé Ìtòkú rí kò mọ ibi tí ìnájà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni aṣọ yìí tàbí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá rí i tí a kọ ọ́ pé kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ kó tó gbọ́ iye, ohun tó máa ń sọ sí i lọ́kàn ni pé wọ́n fẹ́ fi owó dọ́là wọn òun wò. Yóò lọ. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń kọ iye yáàdì márùn-ún, mo sì máa ń kọ ọjọ́ tí iye náà bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń rà á lọ tà, ìyẹn àwọn alárobọ̀, ni kí á sọ fún pé kí wọ́n pè fún iye tiwọn. Níbẹ̀ ni kí ìnájà wà. Tí iye bá yí, ẹ lọ yí i. Iye tó ti lé lọ́dún kan lójú ìkànnì burú ju kó má sí lọ.

Bí aṣọ bá jẹ́ ìró tí a rán méjì pọ̀, yáàdì méjì àbọ̀ lọ́nà méjì, gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́, ẹ sọ ọ́, torí ránṣọránṣọ ní Houston, ní Amẹ́ríkà, kò mọ̀ pé ojú rírán wà láàárín. Ẹ sọ bó ṣe fẹ̀ tó.

Mo ti dárúkọ Houston. Nígbà tí aago méjìlá òru bá lù ní Abẹ́òkúta, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni níbẹ̀ nígbà òtútù wọn, aago mẹ́fà nígbà ooru. Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọ Ẹ̀gbá tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń tibi iṣẹ́ bọ̀, tó ń ro aṣọ ẹbí tí ogójì èèyàn yóò wọ̀ níbi ìnáwó ìyá rẹ̀. Ìyá mi kékeré ti sùn. Ìkànnì kò sùn, ṣùgbọ́n kí ló máa sọ fún un? Kí ó sọ pé a lè ṣe ogójì. Kí ó sọ iye ọ̀sẹ̀ tí yóò gbà, kí ó sì sọ pé ìgbà òjò a máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ torí aṣọ kì í tètè gbẹ. Kí ó sọ tààrà pé ogójì aṣọ tí ọwọ́ dì kò lè jọra bí ìbejì, kí ó fi fọ́tò mẹ́ta tó jẹ́ bátànì kan náà hàn án kó rí ìyàtọ̀ wọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìyàtọ̀ yẹn yóò lọ ra ti ẹ̀rọ, ẹ ò sì ní bá a fa wàhálà lẹ́yìn tí ẹrù ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí a kì í fẹ́ sọ níta. Bí àlejò bá gbọ́ pé láti Nàìjíríà ni ìkànnì ti wá, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni àwọn ọmọ Yahoo, àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbínú kò tún un ṣe. Ẹ fi iwájú ṣọ́ọ̀bù hàn, pẹ̀lú àkọlé rẹ̀ àti àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ti fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ okòwò sílẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà náà. Kí orúkọ tó wà lójú ìkànnì àti orúkọ tó wà lórí àkáǹtì báńkì jẹ́ ọ̀kan náà. Owó tí wọ́n ní kí èèyàn san sí àkáǹtì “Ọmọ ìyá mi” ti lé oníbàárà púpọ̀ lọ. Paystack, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà méjì dá sílẹ̀ ní 2015, àti Flutterwave tó tẹ̀ lé e ní 2016 ń jẹ́ kí ẹni tó wà lókèèrè fi káàdì rẹ̀ sanwó fún yín. Ẹni tí kò tíì ṣetán fún ìyẹn, kó fi líǹkì WhatsApp síbẹ̀ kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àdírẹ́sì àti nọ́ńbà tí oníbàárà bá sì fún yín, ẹ má fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 wà, ìtìjú náà sì wà.

Àwọn tó fẹ́ wá fúnra wọn ńkọ́? Láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń gbé èèyàn láti Èkó wá, ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ ni wọn yóò sì ti bọ́ sílẹ̀. Ẹ júwe ọ̀nà láti ibẹ̀, ẹ júwe ọ̀nà láti gáréèjì Kútọ̀, bí ẹ ṣe máa júwe rẹ̀ fún ọmọ àbúrò yín: ẹ wọ ọkọ̀ báyìí, ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà báyìí, bí ẹ bá rí nǹkan báyìí ẹ ti dé. Nọ́ńbà ilé kò wúlò ní Ìtòkú. Google máa ń jẹ́ kí oníṣọ́ọ̀bù fi ibi tó wà sórí máàpù rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́; ẹni tí kò bá ṣe ohun mìíràn lẹ́yìn ìpàdé yìí, kó ṣe ìyẹn.

Èdè wo ni kí á fi kọ ọ́? Ìlú yìí ti dáhùn ìbéèrè náà tipẹ́. Ní 1859, nígbà tí míṣọ́nnárì Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn níbí, Yorùbá ló fi kọ ọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kún un. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tó ń wá a láti ibi tí a kò mọ̀, Yorùbá fún orúkọ bátànì, orúkọ iṣẹ́, àti fún ọmọ wa tí wọ́n bí sí London tó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè é nílé. Kí Gẹ̀ẹ́sì náà rọrùn. Bí ẹ ṣe ń dá oníbàárà lóhùn lẹ́nu ni kí ẹ kọ ọ́.

Ṣé gbogbo oníṣòwò ló yẹ kó ní ìkànnì? Rárá o. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Kútọ̀, tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn wá bá a, owó tó fẹ́ fi ṣe ìkànnì, kó fi ra agboòrùn tó dára. Aláró kan tí kò lè rẹ ju ìró mẹ́wàá lọ lóṣù, tí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì ń tà, kí ló ń wá? Àwọn aláró márùn-ún lè para pọ̀ ṣe ẹyọ kan bí ẹni dájọ, kí orúkọ oníkálukú hàn lára iṣẹ́ rẹ̀. Ìjọba Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún ṣí ọjà Adire Ogun sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2020, iṣẹ́ tó dára ni. Ẹ gba àyè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ inú ọjà ni ìyẹn náà; ẹni tó gba àtẹ lọ́jà kò torí ẹ̀ wó ilé rẹ̀.

Ẹ ní ìwé kékeré kan. Ẹnikẹ́ni tó bá pè, ẹ bi í níbo ló ti gbọ́ nípa yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tó béèrè. Ìbéèrè tí èèyàn mẹ́ta bá ti béèrè, ìdáhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lójú ìkànnì kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo fi tún ìkànnì ìyá mi kékeré ṣe. Mo yọ orin kúrò, mo yọ òdòdó kúrò, mo yọ àròkọ mi kúrò, ó sì dùn mí díẹ̀. Fọ́tò kò wúwo mọ́, torí náà kò jẹ dátà àwọn tó ń ṣí i. Láàárọ̀, lábẹ́ òjìji, láìtan iná kámẹ́rà, la ti ya gbogbo rẹ̀, kí búlúù rẹ̀ lè jẹ́ búlúù.

Ìyá mi kékeré kò gbà kí n fi ojú òun síbẹ̀ mọ́. Ó ní gèlè yẹn ti pẹ́, àti pé aṣọ ni wọ́n ń rà. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló jẹ́ kí n yà, méjèèjì, tí aró ti wọ̀ dé ọrùn ọwọ́, tó ń tú ìko lára aṣọ kan tó ṣì ń kán omi. Ó ní kí n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé omi tútù ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́ nígbà àkọ́kọ́, kí wọ́n dá a fọ̀, kí wọ́n má sì sá a sójú oòrùn. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, lédè méjèèjì.